Láísẹ́ǹsì Alùpùpù àti Kọ́nà Òkèrèwè

Birmingham, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1956

Ẹ̀gbọ́n mi Mojíre,

Ẹ kú iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n ara mi le.

Ẹ béèrè irú ìwé tí kánsù ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà. Ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni. Òun ni ìwé tó ń fún ẹni tí kò tíì mọ alùpùpù gùn láyè láti máa kọ́ ọ lójú títì, títí ọ̀gá tó ń yẹ awakọ̀ wò yóò fi dán an wò. Kì í ṣe láísẹ́ǹsì. Ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, ó sì gbọ́dọ̀ so pátákó funfun tí a kọ lẹ́tà L pupa sí mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn alùpùpù. Ìgbà tó bá yege ìdánwò ló tó gba láísẹ́ǹsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọ̀kan ní èkejì níwájú ọ̀gá náà.

Ẹ ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn, nítorí náà ìdúróṣánṣán kò lè ṣòro. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló níṣẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló di iná mú: ẹ yí i, ẹ́ńjìnnì á yára, ẹ tú u sílẹ̀, á rọ. Ọwọ́ òsì ló di kílọ́ọ̀ṣì mú, èyí tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ jíà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń pààrọ̀ jíà, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn. Mo ya àwòrán wọn sí ojú ewé mẹ́ta tó tẹ̀ lé èyí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, mo ń yẹ bíréèkì alùpùpù wò kí wọ́n tó gbé e jáde, nítorí náà ohun tí ojú mi ń rí ni mo kọ. Mo tún ń kó gbogbo rẹ̀ jọ kí n lè sọ ọ́ di ìwé kékeré lédè wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ni akẹ́kọ̀ọ́ mi àkọ́kọ́.

Àbúrò yín,
Ọlátúnbọ̀sún


Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1956

Àtàndá ọmọ bàbá mi,

Bàbá kí ọ. Ó ní ṣé o ti ra aṣọ òtútù.

Lẹ́tà rẹ dé. Ojú ewé márùn-ún! Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, aboyún méjì sì bímọ kí n tó kà á tán. Bí mo bá ń kọ́ ìyá ọlọ́mọ tuntun bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ, n kì í ya àwòrán ìgbọ̀nwọ́ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń dì mú.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ìdí tí mo fi ń yára. Alùpùpù kan ṣoṣo ni kánsù rà. Wọ́n ní tèmi ni, torí pé èmi nìkan ni agbẹ̀bí tó ń lọ sí àwọn abúlé ọ̀nà Edunabon. Bí n kò bá sì ní láísẹ́ǹsì títí ìparí oṣù Máàṣì, Lágúnjú wòlé-wòlé ni wọ́n máa gbé e fún, kó máa gùn ún káàkiri láti yọjú sínú ìkòkò omi olómi. O kò mọ Sàrátù, ìyàwó àgbẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn Edunabon. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ fi ń bọ̀ wá sáyé. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi, mo gun kẹ̀kẹ́, mo sáré títí àyà mi fẹ́ já. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bo ọmọ náà. Sàrátù ti tún lóyún báyìí. Bí mo ṣe kà á, oṣù Épírì ni.

Ògúnwálé mẹ́káníìkì ló ń kọ́ mi. Lánàá, láti ilé wa dé Lágere, ìgbà mọ́kànlá ni mo sọ̀ kalẹ̀ láti kúnlẹ̀ kí àgbà. Ògúnwálé ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé alùpùpù lẹ fẹ́ kọ́ ni àbí ìkúnlẹ̀?" Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọjá lórí ẹ̀rọ níwájú ẹni tó tó ìyá mi bí?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mojíre Àníkẹ́


Birmingham
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀kùtóbà, 1956

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé mo ti ra kóòtù méjì.

Ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn débi pé mo túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rín sì pa wọ́n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá dúró lójijì láàárín títì lè mú kí lọ́rì gun òun lẹ́yìn. Ẹ dín eré kù, ẹ tẹ orí ba, ẹ kí wọn lẹ́nu, ẹ máa lọ. Àgbà tó bá gbọ́n yóò mọ̀ pé ẹ kí òun.

Ohun tó kù ni bí ẹ ó ṣe máa júwe ibi tí ẹ fẹ́ yà sí. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ni, ẹ kọ́kọ́ dín eré kù, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún, kẹ́ ẹ sì tètè dá a padà, torí òun ló di iná mú. Bó bá jẹ́ òsì, ẹ na ọwọ́ òsì gbọọrọ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i. Èyí rọrùn, n kò ní fi ìwé ṣòfò lórí rẹ̀.

Àbúrò yín,
Ọlátúnbọ̀sún


Òkèrèwè
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Dìsẹ́ńbà, 1956

Àtàndá,

Mo kí ọ. Mo kùnà.

Ọ̀gá Àyàndélé ló wá dán wa wò láti Ìbàdàn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń fi ọkọ̀ tẹ̀ lé èèyàn lẹ́yìn, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé. Mo gbéra dáadáa. Mo pààrọ̀ jíà bí o ṣe wí. Mo yà sí ọ̀tún ní Lágere, kò sí wàhálà. Ìgbà tó kan kọ́nà iwájú ilé wa, níbi tí títì ti ń gòkè tí a sì ní láti yà sí òsì, ẹ́ńjìnnì kú. Ó kú fin-ín, níwájú Bàbá àti gbogbo àgbààgbà tó jókòó síta. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ta ló tún yọ sí mi lórí kẹ̀kẹ́ bí kò ṣe Lágúnjú? Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n bá yín tì í. Ó kúkú máa di tèmi."

Wọ́n ní kí n padà wá ní oṣù Jánúárì. Kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì? Ìwọ lo mọ ẹ́ńjìnnì.

Mojíre


Birmingham
Ọjọ́ kejìlá oṣù Dìsẹ́ńbà, 1956

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Lágúnjú dùn yín. Ẹ́ńjìnnì tó kú lórí òkè, epo ni tàbí iná inú rẹ̀.

Omi lè ti wọ inú epo. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ kí ẹ tó dà á sínú táǹkì. Èkejì ni pọ́lọ́ọ̀gì, irin kékeré tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín bá ti sọ ọ́ di dúdú, iná rẹ̀ á rẹ̀. Mo ti fi pọ́lọ́ọ̀gì tuntun méjì ránṣẹ́ nínú páálí kékeré kan. Kí Ògúnwálé wọn àlàfo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí mo fi sí i, kó má fi ojú díwọ̀n. Ẹ sọ fún un pé mo bẹ̀ ẹ́, kó má fi ojú díwọ̀n.

Ọlátúnbọ̀sún


Òkèrèwè
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Jánúárì, 1957

Ọlátúnbọ̀sún,

Ẹ kú ọdún tuntun níbẹ̀. Mo tún kùnà.

Pọ́lọ́ọ̀gì rẹ ló wà nínú rẹ̀. Gèlè mi funfun ni mo fi sẹ́ epo, ó ti di aṣọ ìnulẹ̀. Ògúnwálé wọn àlàfo náà títí ojú fi ń ro ó. Ẹ́ńjìnnì tún kú ní kọ́nà kan náà, lórí òkè kan náà, Bàbá jókòó síbi kan náà. Àwọn àgbà ti ń sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí obìnrin gun alùpùpù. Bàbá kàn ń wò mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Máàṣì, ni ìdánwò tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti Lágúnjú. Má tún fi irin ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ó ti sú mi.

Mojíre


Birmingham
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Fẹ́búárì, 1957

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìnira. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ láìfi dídùn bò ó.

Ẹ́ńjìnnì kò mọ ibi tó wà. Kò mọ Òkèrèwè yàtọ̀ sí Lágere, kò mọ ilé wa, kò sì mọ̀ pé obìnrin ló gun òun. Bí omi bá wà nínú epo, yóò kú níbi gbogbo. Bí òkè bá pọ̀ jù fún un, yóò kú lórí gbogbo òkè. Ẹ bi Ògúnwálé: ṣé ó ń kú lórí òkè mìíràn? Bí kò bá ń kú, a jẹ́ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń kú, ẹ̀yin lẹ ń pa á. Ohun kan wà tí ẹ ń ṣe ní kọ́nà yẹn tí ẹ kì í ṣe níbòmíràn, ẹ kò sì sọ ọ́ fún mi.

Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta nípa ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn tó fi egbò pa mọ́. Ẹ̀yin náà kò ní gbà á lọ́wọ́ aboyún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni ọwọ́ ọ̀tún yín ń ṣe nígbà tí ẹ dé kọ́nà náà? Kí ni ọwọ́ òsì ń ṣe?

Ọlátúnbọ̀sún


Birmingham
Ọjọ́ kejì oṣù Máàṣì, 1957

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, n kò rí èsì. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú lẹ́tà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, inú mi yóò dùn láti kà á. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́tàlélógún. N kò lè wo alùpùpù tí n kò rí sàn.

Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe fún mi.

Ọlátúnbọ̀sún


Òkèrèwè
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Máàṣì, 1957

Àtàndá,

N kò kí ọ. Wàá rí ìkíni nísàlẹ̀ bí inú mi bá rọ̀.

O fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe. Ó dára. Ìwọ lo kọ ọ́ pé bí mo bá fẹ́ yà sí òsì, kí n na ọwọ́ òsì gbọọrọ. O ní ó rọrùn, o kò ní fi ìwé ṣòfò lórí rẹ̀. Ní Òkèrèwè, ibi tí a ti ń yà sí òsì, apá òsì náà ni ilé wa wà. Bàbá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá na ọwọ́ òsì, àárín ojú bàbá mi ni mo nà án sí.

Ọmọ Òkèrèwè, ta ni wọ́n ń wí fún pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni? Ìwọ ni ìyá wa lù ní ọwọ́ òsì nígbà tí o fi gba ẹran lọ́wọ́ àgbà. Ṣé òtútù ibẹ̀ ti pa ìyẹn náà ni?

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi júwe. Mo gbé e kọjá níwájú àyà mi, mo nà án sí òsì, mo fi ọwọ́ òsì di alùpùpù mú ṣinṣin. Ìgbà méjèèjì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ló pa ẹ́ńjìnnì. N kò ya òpè. Mo gbìyànjú láti na òsì, apá mi kọ̀.

Èé ṣe tí n kò fi sọ ọ́? Ìwọ lo fi ìkúnlẹ̀ mi pa àwọn òyìnbó lẹ́rìn-ín. Ṣé kí n wá fi ọwọ́ òsì kún un kí wọ́n rí ẹ̀rín rín dọ́dún tó ń bọ̀?

Ikùn Sàrátù ti yọ síwájú. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Ó bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ yẹn ń kọ́? Ṣé ẹ ó tètè dé lọ́tẹ̀ yìí?"

Mo kí ọ.

Mojíre Àníkẹ́


Birmingham
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Máàṣì, 1957

Ẹ̀gbọ́n mi, Àníkẹ́ ọmọ ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀bi mi ni.

N kò ní purọ́ fún yín, inú ló kọ́kọ́ bí mi. Mo ní, òfin ìrìnnà ni, ọwọ́ lásán ni! Mo ti bẹ̀rẹ̀ ojú ewé mẹ́rin lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé alùpùpù kan jáde níbi tí a ti ń dán wọn wò. Mo dé kọ́nà òsì, mo ní kí n kà á sí pé ilé wa nìyẹn, Bàbá nìyẹn lórí àga rẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì. Ẹ gbà mí gbọ́, ọdún mẹ́fà ni mo ti ń na ọwọ́ yẹn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo fà á padà kó tó nà tán. Mo fa ojú ewé mẹ́rin yẹn ya.

Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè fún yín. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá kúrò lórí iná lórí òkè, ẹ́ńjìnnì yóò kú, kódà bí èmi fúnra mi bá gùn ún. Ọwọ́ òsì ló gbọ́dọ̀ nà. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nítorí pé ọ̀tún dọ̀tí, ṣebí a kọ́kọ́ ń tọrọ àforíjì ni? Àgbà á ní kò burú, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹ̀yin kò tíì tọrọ àyè. Èmi lẹ ń bi, ẹ́ńjìnnì lẹ ń bi. Ẹ lọ bi onílé.

Ẹ lọ bá Bàbá. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Mo fi lẹ́tà yìí sínú ọkọ̀ òfuurufú, kí Ọlọ́run jẹ́ kó dé kí ọjọ́ Ajé náà tó pé.

Ọlátúnbọ̀sún


Òkèrèwè
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Épírì, 1957

Àtàndá, olùkọ́ onígègé gígùn,

Kóòtù rẹ á pẹ́ lára rẹ. Ilé wà ní àlàáfíà.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni lẹ́tà rẹ dé, ìdánwò ku ọ̀tunla. Mo mú un lọ́wọ́ lọ bá Bàbá nídìí àga rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì rò ó láti orí dé ìdí: ìwé àṣẹ, pọ́lọ́ọ̀gì, gèlè, kọ́nà. Ó wá ní:

"Ọmọ mélòó lo ti gbẹ̀bí wọn ní agboolé yìí?"

Mo ní, "Mẹ́rìndínlógún, Bàbá."

"Bí orí ọmọ bá yọ, ọwọ́ wo lo fi ń gbé e dúró?"

Mo ní, "Òsì ni, sà. Ọ̀tún ló ń ṣe iṣẹ́ tó kù."

"Ọwọ́ tó kọ́kọ́ kan orí àwọn ọmọ ilé yìí kí ìyá wọn tó kàn án," ó ní, "òun ló wá di ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ júwe ilé?" Ó wá kígbe mọ́ mi: "Oṣù mẹ́rin! Ìwọ ń kọ̀wé, àbúrò rẹ ń kọ̀wé, ẹ ń lẹ sítáǹpù káàkiri ayé, èmi tí ẹ ń tìtorí mi kọ̀wé jókòó síbí tí mò ń rò pé ọmọ mi kò mọ ẹ̀rọ gùn!"

Mi ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Àyàndélé tẹ̀ lé mi. Mo dé kọ́nà náà. Ọ̀tún mi wà lórí iná. Mo na òsì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọ̀. Àtàndá, Bàbá dìde lórí àga. Ó gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀ sókè, ó nà án sí mi gbọọrọ. Àwọn àgbà pariwo, "Fáníyì, kí ló dé? Kí lo ń ṣe?" Bàbá ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mo ń dá ọmọ mi lóhùn." Ẹ́ńjìnnì ń ké, kò kú.

Nígbà tí a dúró, Ọ̀gá Àyàndélé bi mí, "Kí ni bàbá yẹn ń ṣe?"

Mo ní, "Bàbá mi ni, sà. Ó ń fún mi láyè."

Ó wò mí, ó tún wo ìwé rẹ̀, ó buwọ́ lù ú.

Láísẹ́ǹsì wà lọ́wọ́ mi. Lágúnjú ti ń kí mi láti òkèèrè. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ọkọ Sàrátù ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀. Ọmọ náà tún fi ẹsẹ̀ síwájú. Alùpùpù gbé mi débẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó yọ, mo sì fi ọwọ́ òsì gba orí rẹ̀. Ọmọkùnrin ni, ó ké kí n tó pariwo.

Lórí ìwé kékeré tí o ń kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́: àwòrán rẹ dára, má yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí o ní o kò ní fi ìwé ṣòfò lé lórí, òun ni kó o fi ṣe ojú ewé àkọ́kọ́. Kọ ọ́ báyìí: Kí o tó gun alùpùpù lọ síbi ìdánwò, kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní gbogbo kọ́nà, dúró, na ọwọ́ tí o máa nà lọ́jọ́ náà, kó o sì wo ibi tó dojú kọ. Bó bá jẹ́ àgbà ló jókòó síbẹ̀, lọ bá a, kí i, sọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe fún un, kó o sì gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mojíre Àníkẹ́